Yíyan Bọ́ọ̀lù ní Dùgbẹ̀

Onísọ̀ bi mí pé, "Ṣé ti tẹníìsì ni?"
Mo ní rárá.
"Ti kíríkẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"
Mo ní sọ́fúbọ́ọ̀lù ni.
Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, sọ́fú. Ìyẹn ni pé ó rọ̀."
Mo rẹ́rìn-ín. Kò tíì rí ìka Mulikátù.

Orúkọ ló rọ̀.
L'Ọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ní pápá ẹ̀yìn ilé-ìwé wa l'Ẹ́lẹ́yẹlé,
ó na ọwọ́ òsì láti hán an,
ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti já létí,
bọ́ọ̀lù gba ojú ihò náà wọlé bí olè tó mọ ilé.
Ìka àárín wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́.
Kò sunkún. Ó ní, "Tíṣà, mo ṣáà hán an."

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró síbí láti aago mẹ́wàá,
tí mo ń tẹ bọ́ọ̀lù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan
bí ìyá mi ti í tẹ agbálùmọ̀ wò nígbà ọyẹ́:
àtàǹpàkò lórí èso, ojú níbòmíràn,
kí ẹni tó ń tà má baà mọ èyí tó wù ú.

Eléyìí, awọ ni. Ojú ìrán rẹ̀ pupa, ó yọ díẹ̀,
ìka á rí ibi dì mú.
Ṣùgbọ́n òjò oṣù Agẹmọ ń bọ̀,
awọ a sì máa mu omi bí aláàwẹ̀ tó gbọ́ ìrun Mọ̀gàríbì,
a wúwo lọ́wọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá
títí èjìká á fi máa ké lóru.

Eléyìí, rọ́bà tó ń díbọ́n bí awọ.
Omi ò rí i gbé ṣe,
tàbí ìrì àárọ̀ Sátidé, tàbí erùpẹ̀ pupa wa
tó ń sọ ohun gbogbo di ará Ìbàdàn.

Ẹ̀kẹta rọ̀ lóòótọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀.
Mo gbé e sílẹ̀. Mo tún mú un.
Ọ̀jẹ́wùmí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
a máa di ojú bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀;
èyí ni n ó fi kọ́ ọ kó la ojú.
Àwọn yòókù á ní, "Bọ́ọ̀lù ọmọ ìkókó!"
Kí wọ́n wí. Èwo nínú wọn ni kò rákòrò rí?

Onísọ̀ ní, "Tíṣà, gbogbo wọn roboto ni o."

Mo yọ ti àtijọ́ nínú báàgì fi hàn án.
Aránbàtà kan ní Mọ́kọ́lá ló fi òwú dúdú rán an lẹ́ẹ̀mẹta.
Àwọn ọmọ ń pè é ní Baba.
Bí a bá sọ ọ́, a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹyẹ tí wọ́n sọ lókò,
wọ́n sì mọ̀ ọ́n gbá, wọ́n mọ gbogbo àrékérekè rẹ̀.
Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù tuntun fún wa níwájú àwọn ará Ọ̀yọ́.
Ó ń bọ̀ tààrà.
Kò sí ẹni tó rí i gbá.

Àṣìṣe mi ni. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni òbí kọ̀ọ̀kan dá;
ìyá Ibídùn tí kò ní, ó rán nọ́ńbà sẹ́yìn aṣọ gbogbo wọn.
Lórí owó yìí ni mo ti ń ná an títí oòrùn fi kan àtàrí.
Mo ra rọ́bà mẹ́ta, rírọ̀ méjì,
àti awọ ẹyọ kan ṣoṣo, tó gba owó ọkọ̀ mi.

N ò ní tọ́jú awọ náà sí kọ́bọ́ọ̀dù de ọjọ́ ìdíje.
Yóò máa sùn nílé wọn, alẹ́ kan, ọmọ kan,
kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n kí ẹ̀rù tó mọ̀ ọ́n.
Mulikátù ni yóò kọ́kọ́ gbé e lọ,
òun àti ìka rẹ̀ tó wú.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn kọjá abẹ́ afárá,
mo ń ju Baba sókè, mo ń hán an.